Ọjà Súnmọ́lé, Oúnjẹ Jìnnà Sọ́wọ́: Àgbéyẹ̀wò Bí Mẹ̀kúnnù Ṣe Ń Rí Oúnjẹ Aṣaralóore ní Ìgboro Ìbàdàn àti Èkó

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìdí tí oúnjẹ aṣaralóore fi ṣòro láti rí jẹ fún àwọn mẹ̀kúnnù tí ń gbé ní ìgboro ìlú ńlá, pàápàá jù lọ ní Ìbàdàn àti Èkó. Ọ̀pọ̀ ìwádìí tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà wá ka jíjìnnà sí ilé ìtajà sí okùnfà ìṣòro yìí. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú Yorùbá, níbi tí ọjà ti wà nítòsí ilé. Owó ojúmọ́, òṣùwọ̀n kékeré, iná ìdáná, omi àti àkókò ni ó dúró láàrin ọjà àti ìkòkò. Ní ìparí, iṣẹ́ náà tọ́ka sí ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Wọ́n tún ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Òwe àkọ́kọ́ dá lórí yíyó; èkejì dá lórí ohun tí oúnjẹ ń ṣe fún ara. Ìyàtọ̀ wà láàrin méjèèjì, nítorí pé ènìyàn lè yó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí àwọ̀ rẹ̀ má rí ọ̀rẹ́ kan nínú gbogbo ohun tí ó jẹ. Irú ebi tí ó fara pamọ́ sábẹ́ yíyó yìí ni ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò tí àwọn mẹ̀kúnnù ń gbé ní ìgboro.

Oúnjẹ aṣaralóore ni oúnjẹ tí ó kó ohun tí ara nílò pọ̀ ní ìwọ̀n tí ó yẹ. Ẹ̀ka mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín in sí ní ilé-ẹ̀kọ́: èyí tí ń fún ni ní agbára, bí iṣu, gàárì, ìrẹsì àti àgbàdo, èyí tí ń mú ara dàgbà, bí ẹ̀wà, ẹja, ẹran àti ẹyin, àti èyí tí ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ àrùn, bí ẹ̀fọ́ àti èso. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 10 máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tí kò dín ní 400 gíráàmù lójúmọ́. Fún ìdílé ẹni márùn-ún tí gbogbo wọn ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kìlógíráàmù 2 ni èyí jẹ́ lójúmọ́, tàbí 14 lọ́sẹ̀. Kò ṣòro láti kọ iye yìí sí ojú pátákó. Láti gbé e dé inú ìkòkò ni ó le, ìdí tí ó fi le ni iṣẹ́ yìí sì fẹ́ ṣàlàyé.

2.0 Jíjìnnà sí Ọjà: Èrò Tí Ó Ti Òkèèrè Wá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, gbólóhùn kan jẹyọ ní Scotland tí ó túmọ̀ sí "aṣálẹ̀ oúnjẹ". Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni àdúgbò tálákà tí kò ní ilé ìtajà nítòsí níbi tí ènìyàn ti lè ra ẹ̀fọ́, èso àti oúnjẹ tútù mìíràn ní iye tí apá ká. Ní Amẹ́ríkà, òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ọdún 2008 pàṣẹ pé kí ìjọba ṣe ìwádìí lórí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2009. Ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ní ìgboro ni máìlì kan: bí ilé ìtajà ńlá bá jìnnà ju máìlì kan lọ sí ọ̀pọ̀ ará àdúgbò tálákà, a jẹ́ pé ibẹ̀ lè jẹ́ aṣálẹ̀. Ìtàn ìlú wọn ni ó bí èrò yìí. Nígbà tí àwọn olówó kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà bá wọn lọ, ẹni tí kò ní mọ́tò sì kù sẹ́yìn.

Síbẹ̀, àní ní Amẹ́ríkà pàápàá, jíjìnnà nìkan kò tó láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2019, Hunt Allcott àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé bí ilé ìtajà ńlá tuntun bá ṣí ní àdúgbò tálákà, ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń rà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní ìṣirò wọn, bí tálákà bá tilẹ̀ ní irú ọjà kan náà pẹ̀lú olówó ní iye kan náà, nǹkan bí ìdá 10 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò dín kù nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin oúnjẹ àwọn méjèèjì.

Ìwọ̀n máìlì kan yìí kò bá ilẹ̀ Yorùbá mu rárá. Ẹni tí ń gbé ní Bẹẹrẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Ọjà Ọba ní ẹsẹ̀ òkè Mápó. Ẹni tí ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ ní ọjà Boundary, ẹni tí ń gbé ní Mushin sì ní Dálékọ, níbi tí ìrẹsì àti ẹ̀wà ti kún inú ìsọ̀. Yàtọ̀ sí ọjà, kò sí àdúgbò tí obìnrin kan kò ti pa àtẹ ata, ẹ̀fọ́ àti ẹja síwájú ilé. Bí jíjìnnà bá ni ìṣòro, kò yẹ kí ìṣòro kankan wà.

Àwọn kan yóò sọ pé àìmọ̀kan ni ó fà á. Èyí náà kò fi bẹ́ẹ̀ dúró. Àbùlà tí àwọn ará Ìbàdàn ń jẹ, ìyẹn àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, kó ẹ̀ka oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: èlùbọ́ fún agbára, ẹ̀wà fún ìdàgbà ara, ewé fún ìdáàbòbò. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìyá Yorùbá ti mọ bí oúnjẹ ṣe ń bá oúnjẹ rìn. Ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ìmọ̀.

3.0 Ohun Tí Ó Dúró Láàrin Ọjà àti Ìkòkò

3.1 Owó ojúmọ́

Ní oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000. Bí ènìyàn bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, ó jẹ́ nǹkan bí ₦2,333 lójúmọ́, láìtíì yọ owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó ilé-ìwé kúrò. Ní ọdún kan náà, NBS, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àkójọ ìṣirò, ń gbé ìròyìn jáde lórí iye tí àgbàlagbà kan yóò ná lójúmọ́ kí oúnjẹ rẹ̀ tó pé ní gbogbo ẹ̀ka. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, iye ọ̀hún kọjá ₦1,000 ní ìpíndọ́gba. Èyí túmọ̀ sí pé oúnjẹ tọkọtaya nìkan yóò gba ju ₦2,000 lọ nínú ₦2,333, kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kan abọ́. Ọ̀pọ̀ alábàárù, alágbàfọ̀ àti lébìrà ni kò sì ní owó oṣù kankan. Ohun tí ọwọ́ wọn bá bà lójúmọ́ ni wọ́n ń jẹ.

Ọ̀wọ́n tún wá gorí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí iye náírà sì já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà, owó oúnjẹ fò sókè. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, NBS ròyìn pé owó oúnjẹ fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ.

Ìròyìn NBS yìí kan náà fi hàn pé ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ń gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oúnjẹ pípé lọ, bẹ́ẹ̀ ìdá 13 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń rí ni ó ń ti inú wọn wá. Ẹ̀fọ́ àti èso sì ni ó wọ́n jù bí ènìyàn bá fi owó wé agbára. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, tí ó sì fẹ́ kí ọmọ mẹ́rin sùn láìsunkún ebi, yóò ra ohun tí ó ń fún ni ní agbára jù lórí náírà kan. Gàárì ni ohun náà sábà máa ń jẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Ìṣirò ni ó ṣe, ìṣirò rẹ̀ sì pé.

3.2 Òṣùwọ̀n kékeré

Ẹni tí ń gba owó ojúmọ́ ni ó ń ra oúnjẹ ojúmọ́. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń ra ẹ̀wà ní àpò tàbí ní kóńgò. Ẹni tí kò ní ń rà á ní dérícà tàbí ní agolo mílíìkì. Bí oúnjẹ ti ń sọ̀kalẹ̀ láti àpò dé agolo ni èrè alájàpá, èrè alágbàtà àti èrè ìyá tí ó pàtẹ síwájú ilé ń gorí ara wọn. Nítorí náà, tálákà ni ó ń san owó tí ó pọ̀ jù lórí hóró ẹ̀wà kan. Àwọn ọlọ́jà kan a sì tún máa tẹ ìdí agolo wọnú kí ohun tí yóò gbà lè dín kù. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí pẹ̀lú òróró inú ọ̀rá àti wàrà inú sáṣẹ́ẹ̀tì.

Àìsí ẹ̀rọ amómitutù àti iná mànàmáná tí ó dúró tún fi kún un. Ẹni tí ó ní méjèèjì lè ra ẹja ní páálí kí ó sì tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí kò ní yóò máa ra ẹyọ kan tàbí ìdajì lójoojúmọ́, ní iye tí ó ga jù. Ẹ̀fọ́ tí ó bá ṣẹ́kù lónìí yóò ti rọ lọ́la.

3.3 Iná, omi àti àkókò

Ẹ̀wà ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ. Nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí gíráàmù 23 ni èròjà tí ń mú ara dàgbà; nínú ìwọ̀n gàárì kan náà, kò tó gíráàmù 2. Ẹ̀wà sì sábà máa ń dín owó ju ẹran lọ. Kí ni ìdí tí gàárì fi ń borí rẹ̀ nínú ilé tálákà? Ẹ̀wà ń gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná, owó gáàsì, kẹrosíìnì tàbí èédú sì wà lórí rẹ̀. Gàárì kò bèèrè ju omi tútù lọ.

Omi náà ní owó tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti ń ra omi lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ọmọlanke tà á kiri. Ẹ̀fọ́ tí wọn kò bá ṣàn dáadáa lè di àrùn, fífi omi púpọ̀ ṣàn án sì jẹ́ ìnáwó mìíràn. Nínú ilé tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ń gbé yàrá kan, tí gbogbo wọn sì jọ ń lo ilé ìdáná kan, obìnrin tí ó jáde lọ sí ìsọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì wọlé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, kò ní wákàtí mẹ́ta tí yóò fi se ọbẹ̀.

Èyí ni ó sọ olóúnjẹ ojú títì di ilé ìdáná gbogbo àdúgbò. Nítorí pé ìkòkò ńlá kan ni ó fi ń bọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, owó iná tí ó kan abọ́ kọ̀ọ̀kan kéré. Ẹ̀wà tí ó ti jinná lọ́dọ̀ rẹ̀ lè dín owó ju èyí tí ènìyàn fẹ́ dá sè lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ń mú kí wọ́n ra oúnjẹ jẹ. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé òróró àti iyọ̀ a máa pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ẹ̀fọ́ a sì máa kéré.

3.4 Ìrìn àjò oúnjẹ

Tòmátì, àlùbọ́sà àti ẹ̀wà tí ń bọ̀ sí Mile 12 ní Èkó, tàbí sí Bódìjà àti Sáṣá ní Ìbàdàn, òkè Ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Inú agbọ̀n ni tòmátì máa ń wà; èyí tí ó wà nísàlẹ̀ a ti fọ́ kí ọkọ̀ tó dé, owó èyí tí ó bàjẹ́ a sì wọ orí èyí tí ó ṣẹ́kù. Nígbà tí kòkòrò kan ba oko tòmátì jẹ́ ní Kaduna àti àyíká rẹ̀ ní ọdún 2016, ìkòkò ọbẹ̀ ní Èkó mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọjà dúró láti òkè Ọya sí gúúsù ní ìparí oṣù Kejì ọdún 2021, ọjọ́ díẹ̀ péré ni ó gbà kí ọ̀wọ́n tó dé. Ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀ bí tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ewédú kò nílò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, nítorí pé etí ìlú àti àkùrọ̀ inú ìlú ni wọ́n ti ń gbìn ín.

4.0 Ipa Rẹ̀ Lára Ọmọ àti Ìyá

Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ìlera àti iye ènìyàn tí ó wáyé ní ọdún 2018 fi hàn pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ni kò ga tó bí ó ti yẹ fún ọjọ́ orí wọn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2023 sí 2024, ó ti di ìdá 40. Ìwádìí ti 2018 yìí náà rí i pé ìdá 68 nínú àwọn ọmọ tí ó wà láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, àti ìdá 58 nínú àwọn obìnrin tí ó wà láàrin ọdún 15 sí 49, ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà wà lára ohun tí ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí kò pé wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó a máa rẹ̀, a máa tòògbé, kì í sì í lè pọkàn pọ̀. Nínú kíláàsì, ó rọrùn láti pè é ní ọ̀dẹ̀ tàbí ọ̀lẹ.

5.0 Ìgbìyànjú Ìjọba

Ìjọba ti gbé oríṣiríṣi ìgbésẹ̀. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń fi èròjà áyódíìnì sí iyọ̀, láti 2002 sì ni òfin ti sọ pé kí fítámì A wà nínú ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí ni pé kò bèèrè owó, iná tàbí àkókò kankan lọ́wọ́ tálákà. Ní 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí ₦10 lórí lítà kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí ó ní ṣúgà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ètò Oúnjẹ Èkó kalẹ̀, níbi tí wọ́n ti dín ìdá 25 kù nínú owó ọjà ní ọjọ́ Àìkú. Ètò yìí kan ọ̀ràn iye owó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni yóò jẹ ànfààní rẹ̀ jù.

Oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé ni ó fò gbogbo ìdènà yìí kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Oúnjẹ tí ó ti jinná ni ó ń dé iwájú ọmọ: òbí kò ra òṣùwọ̀n, kò dáná, kò pọnmi. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ ètò tirẹ̀ di O'Meals ní 2012, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ti orílẹ̀-èdè ní 2016. Nígbà tí wọ́n dá ti ìjọba àpapọ̀ dúró ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn, ó hàn gbangba pé ohun tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí àṣẹ kan ṣoṣo.

6.0 Ojúṣe Olùkọ́

Olùkọ́ kò lè fi kún owó oṣù òbí, ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

(i) Kí ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ di ẹ̀kọ́ ìṣirò pẹ̀lú. Kí àwọn ọmọ wọn kóńgò àti dérícà lórí ìwọ̀n, kí wọ́n sì ṣírò iye èròjà amáradàgbà tí ₦500 lè rà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti gàárì. Ọmọ tí ó bá ṣe ìṣirò yìí yóò lóye ìdí tí ó fi dára kí aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin dá owó jọ ra àpò ẹ̀wà kí wọ́n sì pín in.

(ii) Kí olùkọ́ má ṣe bi ọmọ léèrè ní gbangba ohun tí ó jẹ sùn. Ìbéèrè tí ó dà bí ẹ̀kọ́ lójú olùkọ́ lè di ìtìjú lọ́rùn ọmọ. Ìdílé inú ìtàn ni kí ó lò fún àpẹẹrẹ.

(iii) Kí àpẹẹrẹ olùkọ́ jẹ́ ohun tí ó wà lórí àtẹ àdúgbò: ọ̀ọ̀lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ẹja ṣáwá, ìrú, edé, ẹ̀pà àti ẹ̀fọ́ ìbílẹ̀. Ẹ̀wà sóyà, tí ilé-iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti ṣe púpọ̀ láti tàn kálẹ̀, ní èròjà amáradàgbà tí ó tó gíráàmù 36 nínú 100. Ènìyàn lè lọ̀ ọ́ mọ́ ògì ọmọ lẹ́yìn tí ó bá ti sè é jinná. Kí ó sì kọ́ wọn ní ohun tí kò gba owó kún owó: rírẹ ẹ̀wà sómi kí ó lè tètè jinná, àìfún omi ẹ̀fọ́ dànù lẹ́yìn bíbọ̀ kí fítámì inú rẹ̀ má baà bá omi lọ, àìjó epo pupa títí yóò fi funfun, àti jíjẹ ọsàn lẹ́yìn ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ kí ara lè gba èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

(iv) Àwọn tí ń ta oúnjẹ nínú ọgbà ilé-ìwé wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá ilé-ìwé. Bí ó bá bá wọn jíròrò, ẹ̀wà, àkàrà, àgbàdo, ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè gba ipò súìtì àti ohun mímu aláwọ̀. Ní ilé-ìwé tí kò ní ilẹ̀, tẹ̀tẹ̀ ṣeé gbìn sínú àpò tí ó kún fún iyẹ̀pẹ̀, yóò sì tó já láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Kí wọ́n má ṣe fi omi gọ́tà bomi rin ín, nítorí àrùn àti májèlé tí ó lè wà nínú rẹ̀.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ní ìgboro Ìbàdàn àti Èkó, oúnjẹ aṣaralóore kò jìnnà sí ilé tálákà. Ọwọ́ ni ó jìnnà sí. Ìgbésẹ̀ tí ó bá mú ọjà tuntun wá láìkan owó ojúmọ́, òṣùwọ̀n, iná, omi àti àkókò kò ní yí ohun púpọ̀ padà nínú ìkòkò. Èyí tí ó bá gbé oúnjẹ jíjinná súnmọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ní ilé-ìwé tàbí lọ́dọ̀ olóúnjẹ àdúgbò, ni ó ní ìrètí jù. Fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ohun tí èyí ń bèèrè ni pé kí ó mọ iye dérícà ẹ̀wà kan ní ọjà tí ó súnmọ́ ilé-ìwé rẹ̀ kí ó tó kọ "oúnjẹ aṣaralóore" sí ojú pátákó. Ẹ̀kọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ ni ọmọ lè gbé délé.